Ìyá Àjẹkù àti Àwo Alápatà

Abẹ́ ẹ̀ṣẹ́ ọkọ ni obìnrin yìí ti kọ́ bí a ṣe ń ka àwo. Awakọ̀ agbégi ni ọkọ náà, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń yá ju ẹnu rẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹun tán tí àwo mọ́ féfé, ilé á tòrò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ oúnjẹ tó sì fi ẹran sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìfọwọ́ kàn án, ìyàwó ti mọ̀ pé kí àwo tó dé ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́, ìgbájú á ti balẹ̀. Ẹran tí kò fọwọ́ kàn yẹn ni ó fi ń kéde ogun. Láàárín ọdún mẹ́tàlá, ó yọ eyín méjì lẹ́nu rẹ̀, ó sì da ọbẹ̀ gbígbóná sí i ní apá. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ já sí kòtò tí igi sì tẹ ọkùnrin náà pa, àwọn aládùúgbò wá bá opó rẹ̀ kẹ́dùn. Ó dá wọn lóhùn dáadáa, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó kó gbogbo àwo ilé jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì ń là wọ́n mọ́ ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò pariwo, kò sunkún. Ó ń kà wọ́n ni. Mọ́kànlélógún ni wọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn ló gba iṣẹ́ ìdáná ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbà. Ilé alájà méjì ni, ó ní yàrá mẹ́rìnlélógójì, gbọ̀ngàn ìjẹun kan tó ní fèrèsé gbàgàdà, àti ilé ìdáná tí ooru rẹ̀ lè bó awọ ojú. Ìkòkò kan ṣoṣo ni ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ máa ń sè, tí á bù ú fún onírúurú ènìyàn bí ẹni ń da àgbàdo fún adìẹ. Lóṣù tí obìnrin yìí dé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sọ àwo lù ú. Kò bínú. Ó ní òun ti gba èyí tó wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Òun ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Ní Sátidé, á mú ìwé, á máa kan ilẹ̀kùn kiri, á bi olúkúlùkù ní ohun tó fẹ́ jẹ. Oúnjẹ mẹ́ta ni á tò kalẹ̀ fún ọ̀sán, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá sì yí padà lè pààrọ̀ tirẹ̀ bí ó bá ku wákàtí kan. Ẹni tó bá pẹ́ sùn á bá tirẹ̀ nínú ìkòkò tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹni tí kò léyín, á lọ ẹran rẹ̀ kúnná, á sì fi ọwọ́ mọ ọ́n padà bíi gígé ẹran gidi, nítorí ó ní kò sí àgbà tó yẹ kó máa wo oúnjẹ tó dà bí èébì ọmọ. Bákan náà ló ń to gbogbo àwo: ẹran ní apá òsì, ìrẹsì tàbí ọ̀dùnkún ní apá ọ̀tún, ẹ̀fọ́ láàárín. Bí òṣìṣẹ́ kan bá tò ó bámìíràn, á tún un tò.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n jù ni pé kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ àwo kí òun tó wò ó. Bí wọ́n bá ti kó àwo dé, á dúró tì wọ́n bí onídàájọ́, á máa kọ ohun tó kù sínú ìwé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Àjẹkù. Àwọn àgbà ní àjẹkù ni a fi ń mọ ẹni tó yó, òun sì gbà á bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. "Ẹnu lè purọ́ nítorí ojú," ló máa ń wí fún àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́. "Àwo kì í purọ́ fún mi."

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí Alápatà tó dé.

Ọkùnrin yìí ti pa màlúù fún àádọ́ta ọdún. Ọrùn rẹ̀ nípọn bí ìtì igi. Àrùn rọpá-rọsẹ̀ ti mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lọ, àga onítáyà ni wọ́n fi ń tì í kiri, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń da akọ màlúù dé ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ní Sátidé àkọ́kọ́, Ìyá Àjẹkù kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ máa jẹ lọ́sẹ̀ yìí?"

"Ẹran."

"Irú ẹran wo, Bàbá?"

"Èyí tó ti kú."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó se ẹran tó rọ̀, ó gbé e sí àwo. Àwo padà dé. Ìrẹsì ti tán. Ẹ̀fọ́ ku ìdajì, bí ẹni fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Ẹran wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ó dúró ti àwo náà títí omi ìfọ̀wo fi tutù.

Ó lọ ẹran náà, ó mọ ọ́n padà. Ó padà wá. Ó dín in. Ó padà wá. Ó gbìyànjú ẹja, ó gbìyànjú ẹyin. Gbogbo wọn ló padà bí wọ́n ṣe lọ. Ní Sátidé, á tún bi í, ọkùnrin náà á tún sọ pé ẹran, ohùn rẹ̀ á sì le ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Ìyá Àjẹkù wo ẹnu, ó wo àwo, àwo ló gbà gbọ́. Ó mọ irú ọkùnrin yìí. Ó ti bá a gbé fún ọdún mẹ́tàlá. Nígbà tó di oṣù kejì, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé: *Kò fẹ́ ẹran. Ó ń fi bínú sí mi ni.* Ó yọ ẹran kúrò, ó yọ ẹja àti ẹyin, ó fi ẹ̀wà díẹ̀ sí ipò wọn, ó sì fi kún ìrẹsì.

Láti ìgbà náà ni ilé ti gbóná. Alápatà ń rù, ìbínú rẹ̀ ń ga. Ó ju ife tíì lu Nọ́ọ̀sì ní iwájú orí. Ó gé ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ jẹ ní ọwọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Onígbàjámọ̀ tó wá gé irun rẹ̀ gba ẹ̀ṣẹ́ kan ní imú, ó fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀ sá lọ. Wọ́n ní ìwà alápatà ni. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ màlúù ló ń jà. Kò sí ẹni tó rántí pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹta ni ìjà bẹ́. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ó máa ń jókòó sí apá ọ̀tún Alápatà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń fi fọ́ọ̀kì jẹun bí ẹni ń sàmì sí ìwé ọmọ iléèwé. Wọ́n gbé àwo kalẹ̀. Alápatà wo àwo tirẹ̀, ìrẹsì ló rí. Ó wo àwo Tíṣà, ẹran méjì wà ní etí rẹ̀ lọ́dọ̀ òun.

"Ẹran mi nìyẹn."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n jẹun," Tíṣà wí, kò gbójú sókè.

"Mo ní ẹran mi nìyẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti dé lo ti ń jẹ ẹ́."

"Bàbá Alápatà, ẹran tí ẹ jẹ láyé yín kò tíì tó yín ni? Gbogbo màlúù ìlú ló parí sí ikùn yín."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni kò tíì tán tí Alápatà fi gbé jọ́ọ̀gì onírin tó kún fún omi, tó sì là á mọ́ Tíṣà lójú. Omi àti ẹ̀jẹ̀ dà pọ̀ sórí tábìlì. Ó tún gbé e, ó tún là á, ìgbà yìí egungun èjìká ló gbà á, gbogbo gbọ̀ngàn ló sì gbọ́ bí ó ṣe dún. Tíṣà ṣubú pẹ̀lú àga. Alápatà tẹ̀ síwájú lórí tábìlì, ó fi ọwọ́ kó ẹran méjèèjì, ó ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì lára rẹ̀. Màmá Aránṣọ, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, dìde láti tábìlì kejì, ó gún ọwọ́ náà ní fọ́ọ̀kì mọ́ pákó.

"Apànìyàn! Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́!"

Alápatà fi eyín fa fọ́ọ̀kì yọ, kò pariwo. Ó ń jẹ ẹran lọ.

Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, Máníjà ilé náà ti pe ilé kejì, èyí tó ní irin lójú fèrèsé, níbi tí wọ́n ti ń so àwọn oníjàgídíjàgan mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ̀ wọn ń bọ̀ lọ́la ní agogo kan ọ̀sán. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ènìyàn méjì ti ti ibí lọ síbẹ̀ rí. Kò sí èyí tó rí oṣù kejì.

Ká má purọ́, nígbà tí Ìyá Àjẹkù gbọ́, ohun kan rọlẹ̀ nínú rẹ̀ bí ẹrù tí wọ́n sọ̀. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé wọ́n ti mú un wàyí. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ṣì gbọ́dọ̀ jẹun, kò sì sí ẹni tó fẹ́ wọ yàrá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ gbé e lọ: ìrẹsì, ẹ̀fọ́, àti ẹran méjì tó tóbi. Bóyá àánú ni, bóyá ó fẹ́ rí i lójúkojú bí ọkùnrin náà ṣe ń kọ ẹran òun, òun gan-an kò mọ̀.

Alápatà jókòó sínú àga rẹ̀, wọ́n ti fi báńdéèjì wé ọwọ́ rẹ̀. Ó wo àwo.

"Ẹran dà?"

"Ó wà níwájú yín, Bàbá."

"Mo ní ẹran dà?"

"Bàbá, ẹran méjì rèé. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Èmi? Èmi ni mò ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́?" Ó fi ọwọ́ gbá àwo náà. Àwo kò ṣubú. Ó yí lórí tíréè bíi táyà, ó yí, ó dúró. Ẹran ti wà ní apá ọ̀tún.

Ọkùnrin náà rí i. Ojú rẹ̀ là. Ó na ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ẹran náà lè sá, ó mú un, ó fi gbogbo ẹnu gbà á. Omi ẹran ń ṣàn gba irùngbọ̀n rẹ̀. Ó jẹ èkejì. Lẹ́yìn náà ló tún wo àwo.

"Ìrẹsì ńkọ́? Ìrẹsì wà níbí lẹ́ẹ̀kan."

Ìrẹsì wà níbẹ̀, ní apá òsì, ó ń rú èéfín. Ìyá Àjẹkù fi ìka kan yí àwo náà.

"Ẹ̀n-ẹ́n," Alápatà wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Obìnrin náà rìn lọ sí apá òsì rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ gbá a létí. Ọkùnrin náà ń jẹun lọ, ojú rẹ̀ kò ṣẹ́. Obìnrin náà yípo lọ sí apá ọ̀tún, ó gbé ọwọ́ kan náà.

"Gbé ọwọ́ yẹn kúrò lójú mi kí n tó ká a kúrò lára rẹ!"

Ìyá Àjẹkù sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Kì í ṣe ìbínú. Kò fìgbà kan jẹ́ ìbínú. Àrùn tó mú ọwọ́ òsì lọ ti mú gbogbo apá òsì ayé lọ mọ́ ọkùnrin náà lójú, àwo, tábìlì, ènìyàn, ohun gbogbo, òun gan-an kò sì mọ̀ pé ohun kan sọnù. Òun Ìyá Àjẹkù, tó ń ka àwo, ti ka àwo ọkọ rẹ̀ tó ti kú mọ́ ọn lọ́rùn. Ó ti fi ebi pa á fún oṣù mẹ́ta.

"Èmi ni," ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ìwọ ni kí ni?"

Ó lè dákẹ́. Ó sọ ọ́. "Ẹran yín wà nínú àwo nígbà tí ẹ kọ́kọ́ dé, Bàbá. Apá òsì ló wà, ẹ ò sì rí apá òsì. Mo rò pé ẹ ò fẹ́ ẹ ni. Èmi ni mo yọ ọ́ kúrò."

Alápatà jẹ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ náà wá. Ó gbá ìka ọwọ́ òsì obìnrin náà mú gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń di ìwo màlúù mú.

"Sátidé wo lo wá tí mi ò sọ fún ọ? Dá mi lóhùn. Sátidé wo?"

"Kò sí, Bàbá."

"O bi mí, mo dá ọ lóhùn. Kí lo wá ń bi mí fún?"

Ó lọ́ ọ. Ìka méjì ṣẹ́ bí igi gbígbẹ. Ìyá Àjẹkù kò ké. Ọdún mẹ́tàlá ti gba igbe lẹ́nu rẹ̀. Tíréè tó ṣubú ni Nọ́ọ̀sì gbọ́ tó fi sáré wọlé, ó gbé tíréè náà nílẹ̀, ó sì ń fi lu apá ọkùnrin náà títí ó fi tú ìka sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, pẹ̀lú ìka tí wọ́n ti dè mọ́ pákó, Ìyá Àjẹkù dúró níwájú Máníjà.

"Màmá, wọ́n ṣẹ́ yín lọ́wọ́, ẹ tún ń gbèjà wọn?"

"Mi ò gbèjà ẹnikẹ́ni. Àṣìṣe mi ni mò ń sọ."

"Ẹni tí ebi ń pa kì í fọ́ èjìká ẹni ẹlẹ́ni."

"Ṣé ebi ti pa yín fún oṣù mẹ́ta rí?"

Máníjà fọwọ́ nu ojú. "Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, Màmá, ẹ lè fi iṣẹ́ sílẹ̀."

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí Alápatà jẹun ọ̀sán ní gbọ̀ngàn kí ọkọ̀ tó dé. Ẹ wá fi ojú yín rí i. Tí ó bá lu ẹnikẹ́ni, kí wọ́n gbé e lọ, kí n sì tẹ̀ lé e jáde."

Máníjà rojú, ó gbà.

Nígbà tí wọ́n ti Alápatà wọ gbọ̀ngàn, ariwo ta. Màmá Aránṣọ ti gbá fọ́ọ̀kì mú. "Ẹ gbé e jáde! Ṣé ẹ fẹ́ kó pa wá tán ni?" Ẹnì kan ju búrẹ́dì lù ú. Ìyá Àjẹkù fi í sí igun, apá ọ̀tún rẹ̀ kọjú sí ògiri kí ó má baà rí àwo ẹlòmíì. Ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ẹran lọ́tùn-ún. Ọkùnrin náà jẹ ẹ́. Ìyá Àjẹkù yí àwo. Ọkùnrin náà jẹ èyí tó kù. Máníjà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera, ojú rẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan.

Kò sí ẹni tó rí Tíṣà nígbà tó dìde. Wọ́n ti fi aṣọ funfun so apá rẹ̀ kọ́ ọrùn, ojú rẹ̀ kan sì wú pa dé. Ó gba apá òsì Alápatà wá, ó gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sókè pẹ̀lú ọwọ́ tó kù, ó sì là á mọ́ ọn lórí lókè etí. Ó dún bí agbè tó fọ́. Ẹ̀jẹ̀ jáde lójú ẹsẹ̀.

Alápatà yíjú sí apá ọ̀tún. Ògiri ló rí.

"Ta nìyẹn?" Ó fi ẹ̀ṣẹ́ lu ògiri. "Jáde wá! Ta nìyẹn?" Ó tún lu ú, awọ ìkúùkù rẹ̀ bó. "Olè! Jáde kí n rí ọ!"

Tíṣà dúró sí ìwọ̀n apá kan sí i, ọ̀pá wà lókè fún ẹ̀ẹ̀kejì. Gbogbo gbọ̀ngàn ń wo ọkùnrin méjèèjì: èyí tó dúró gbangba níbẹ̀, àti èyí tó ń bá ògiri jà. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀pá náà wà lókè fún ìgbà pípẹ́ kí Tíṣà tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Kò rí mi," ó wí. "Ẹ wò ó. Mo dúró síbí, kò rí mi."

Ó yípo àga náà, ó fara ra ògiri lọ sí iwájú apá ọ̀tún ọkùnrin náà. "Èmi rèé. Èmi ni mo lù ọ́."

Alápatà wò ó, ó mí sókè sódò. "O lù mí dáadáa."

"Kò tó. Èjìká mi ló ṣẹ́."

"Mo rò pé o ń jẹ ẹran mi ni."

"Mi ò jẹ ẹran rẹ rí." Tíṣà yíjú sí Máníjà. "Ẹ má jẹ́ kó jókòó tì mí mọ́ láé. Ṣùgbọ́n ẹ má so ó mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ yẹn, ṣe ni wọ́n á máa gbé oúnjẹ sí apá tí kò rí títí á fi kú."

Dírẹ́bà ilé kejì ti wọlé nígbà yẹn, ó so okùn awọ mẹ́rin kọ́ èjìká. Máníjà mú un lápá, ó mú un padà síta, wọ́n sì gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe yí padà lórí òkúta wẹ́wẹ́. Nígbà tó wọlé, ó sọ fún Ìyá Àjẹkù níṣojú gbogbo ènìyàn pé láti òní lọ, Nọ́ọ̀sì á máa jókòó ti olúkúlùkù wo bó ṣe ń jẹun, àti pé ìwé àwo kì í ṣe tirẹ̀ nìkan mọ́. Ìyá Àjẹkù ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló lọ bá Tíṣà níbi tó jókòó sí. Ó dúró níwájú rẹ̀, kò kúnlẹ̀, nítorí kò fẹ́ kó rò pé òun ń wá ìyọ́nú.

"Jọ́ọ̀gì tó fọ́ yín lójú, ilé ìdáná mi ló ti jáde. Èmi tí mo yọ ẹran kúrò nínú àwo Alápatà ni mo kọ́kọ́ gbé e."

Tíṣà wò ó pẹ̀lú ojú kan tó là. Lẹ́yìn náà, ó na ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ Alápatà ṣì ń kán ní ìdí rẹ̀.

"Ẹ bá mi nù ún," ó wí.

Ìyá Àjẹkù fi etí aṣọ ìdáná rẹ̀ mú un, ó fi ọ̀pá náà há abíyá nítorí ìka tó ṣẹ́, ó sì ń nù ún.